Gbogbo wa ni wọ́n ní ká gbé Mama Délé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí fún yín, torí ó ṣì ń dùn mí.

Mi ò kàwé púpọ̀ o. Warehouse ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní McDonough, nílùú òyìnbó níbí, orí fóònù ni mo ti kọ́ database, bí wọ́n ṣe ń to orúkọ sínú kọ̀ǹpútà, díẹ̀díẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwa kan la máa ń fi mọ́tò gbé àwọn àgbà lọ sí ọsibítù. Aunty Bọ́lá ló ń pín ẹni tí kálukú wa máa gbé. Mo ní kí wọ́n sinmi, kọ̀ǹpútà á pín in.

Wọ́n ní, “Táyọ̀, ṣé kọ̀ǹpútà mọ ilé Mama Délé ni?” Mo kàn rẹ́rìn-ín!

Mo kó orúkọ dírẹ́bà sápá kan, ti àwọn àgbà sápá kejì, mo ní kí script, ìyẹn àṣẹ tí mo kọ fún kọ̀ǹpútà, so wọ́n pọ̀. Mo gbàgbé láti sọ pé ẹni tí àdúgbò wọn bára mu nìkan ni kó so. Ló bá so gbogbo dírẹ́bà mọ́ gbogbo àgbà! Kò sí error kankan. Text ti lọ sórí fóònù gbogbo dírẹ́bà pé kí kálukú lọ gbé gbogbo àgbà.

Ó wọlé sórí fóònù tèmi náà. Mo rí i pé mo ti bà á jẹ́. Mo tún rí orúkọ Mama Délé, tí wọ́n ń lọ ṣe dialysis, tí ẹ̀rọ fi ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀, ní College Park. Off ni mo wà lọ́jọ́ yẹn o! Mo ní màá tún un ṣe tó bá yá, ṣé nínú gbogbo wa, ẹnì kan ò ní lọ ni? Mo padà sùn.

Ohun tí gbogbo wa rò nìyẹn.

Mama wọ sweater, wọ́n jókòó síwájú ilé wọn ní Fayetteville, wọ́n ń retí wa. Wọn ò pe ẹnikẹ́ni, wọn ò fẹ́ yọ wá lẹ́nu. Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, wọn ò lè mí dáadáa mọ́. Aládùúgbò ló pe ambulance.

Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ ní ọsibítù. Mama béèrè pé ta ni wọ́n ní kó wá gbé àwọn gan-an? Mo ní, “Gbogbo wa ni, Ma.”

“Gbogbo yín? Ìwọ náà?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n kọjú sí ògiri.

Mo ti tún script yẹn ṣe: àgbà kan, dírẹ́bà kan. Èmi ni mò ń gbé Mama báyìí. Tí mo bá ti pè pé mò ń bọ̀, wọ́n á ní, “Ṣé ìwọ nìkan ni, àbí gbogbo yín?” Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi kì í lè rẹ́rìn-ín.

Àṣìṣe kọ̀ǹpútà kọ́ ló ń dùn mí. Mo rí orúkọ wọn, mo sì sùn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ń dúró dè yín, tí ẹ rò pé ẹlòmíì ti lọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n ná.