Ìyá Oníyìnyín àti Ibi Tó Ń Dán Jù

Ohùn àkọ́kọ́ tí Sigbritt Lundmark rántí láyé kì í ṣe ti ìyá rẹ̀. Ti adágún ni. Kò lè tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Bàbá rẹ̀ pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, wọ́n ń kọjá lórí omi tó ti dì gbagidi, nígbà tí nǹkan kan dún lábẹ́ wọn, hùùù, bí ìgbà tí ẹranko ńlá kan bá yí ẹ̀gbẹ́ padà lójú oorun. Ó bú sẹ́kún. Bàbá rẹ̀ ò tilẹ̀ dúró. Ó ní yìnyín tó bá ń sọ̀rọ̀ kì í pani, èyí tó bá dákẹ́ ni kó máa bẹ̀rù.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ń ṣiṣẹ́ jẹ títí ó fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Àwọn ará ìlú mìíràn a máa gbin ọkà. Yìnyín ni àwọn ará Arjeplog, ìlú rẹ̀ ní ìhà àríwá ayé, ń gbìn. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, Sigbritt á gun katakátá rẹ̀ bọ́ sórí adágún, á gbá òjò dídì kúrò, á la ọ̀nà roboto, á sì máa fi irin ìlu gbọọrọ dá ihò sínú rẹ̀ láti wọn bí yìnyín ṣe nípọn tó. Bó bá di oṣù Kìíní, àwọn ará Germany á kó ọkọ̀ eré tuntun wọn dé, àwọn èyí tí ayé kò tíì rí, wọ́n á máa dán wọn wò lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìyá Oníyìnyín ni wọ́n ń pè é. Fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ẹnikẹ́ni kò rí ohun bú nínú yìnyín rẹ̀.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ méjì ni wọ́n kó wá, wọ́n jọra bí ìbejì. Ohun kan ló yà wọ́n sọ́tọ̀: nínú ọ̀kan, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì ń yí, nínú èkejì, táyà ẹ̀yìn nìkan. Onímẹ́rin àti Ẹlẹ́yìn ni gbogbo wọn ń pè wọ́n. Ọ̀kan ṣoṣo ni ilé iṣẹ́ wọn máa ṣe fún títà, wọ́n sì fẹ́ kí yìnyín sọ èyí tó sàn.

Jorinde Asmus, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ló ń wa Onímẹ́rin. Á tẹ iná, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á di yìnyín mú bí èékánná ológbò, ó ti lọ nìyẹn. Ruprecht Kehl, àgbà awakọ̀ tí irun rẹ̀ ti funfun, ló ń wa Ẹlẹ́yìn. Ìdí ọkọ̀ náà á máa jù sọ́tùn-ún sósì, Ruprecht á yí sítíárìn tẹ̀ lé e, á rọra dẹ iná, á tún fún un díẹ̀, bí ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jó tí kò fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Kọfí á tutù lọ́wọ́ Sigbritt níbi tó ti ń wò ó.

Ṣùgbọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ibì kan náà ni Ẹlẹ́yìn ti ń yí bìrí, níbi tí ọ̀nà ti súnmọ́ erékùṣù kékeré kan. Onímẹ́rin ń gba ibẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, nídìí oúnjẹ ọ̀sán nínú ilé onígi tó wà létí omi, Jorinde bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àgbà náà lẹ́nu.

"Bàbá Ruprecht, ẹ jẹ́ kí n kúkú so okùn mọ́ ọkọ̀ yín, kí n máa fà yín."

"Fà mí lọ síbo? Ìwọ tí ọkọ̀ ń wà kiri, tó o rò pé ìwọ lò ń wà á."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Volkmar Thede, ọ̀gá àwọn ẹnjiníà. Ó ní ẹ̀rọ inú Onímẹ́rin ti fi hàn pé yìnyín dọ́gba yíká. Nítorí náà, yálà Ẹlẹ́yìn ló ní àléébù, tàbí ọwọ́ tó ń wà á ló ti ń gbọ̀n. Ìdánwò ti parí. Láàárọ̀ ọ̀la lòun máa kọ̀wé ránṣẹ́ sílé iṣẹ́ wọn pé Onímẹ́rin ló sàn. Ruprecht wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí tábìlì.

Sigbritt gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀bá erékùṣù yẹn ni bàbá rẹ̀ ti máa ń pẹja. Láràárọ̀, bí Sigbritt bá gbá òjò dídì tán, ibẹ̀ ló ti máa ń dúró mu kọfí kí àwọn ọkọ̀ tó dé. Kì í sì í pa katakátá náà, torí òtútù ò ní jẹ́ kó tún jí.

Ó jáde lọ síbẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ gbá ojú yìnyín. Atẹ́gùn gbígbóná láti ẹnu sàlẹ́ńsà katakátá náà ti yọ́ yìnyín níbẹ̀ láràárọ̀, ó sì ti tún dì padà, ó ń dán bíi dígí. Ó fi gìgísẹ̀ bàtà lù ú. Kò dún.

Bí Sigbritt bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọkùnrin kan tó ní adágún mìíràn sì ti ń dọdẹ iṣẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ kó tó dìde, ó sì padà sínú ilé onígi lọ bá ọ̀gá ẹnjiníà náà.

"Ọ̀gá Thede, ẹ má tíì kọ ìwé yẹn. Yìnyín mi ló ní àléébù."

"Màmá, ẹ̀rọ ní ó dọ́gba."

"Ẹ̀rọ inú Onímẹ́rin ni. Bí ẹsẹ̀ kan bá yọ̀, àwọn yòókù á gbé e, kò ní rojọ́ fún yín. Ẹlẹ́yìn ò ní ẹni tó máa bò ó láṣìírí. Ọjọ́ mẹ́ta ló ti ń sọ ọ́ fún wa."

Thede tẹ̀ lé e débẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ibi dídán náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú kó tó di èjìká Sigbritt mú. Ó béèrè bóyá ẹlòmíràn mọ̀ sí i. Sigbritt ní rárá.

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi sọ ọ́?"

"Ọwọ́ Ruprecht ò gbọ̀n."

Ọkùnrin náà ní iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ti di òfo. Ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ọ̀la, àwọn máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ní ti ọdún tó ń bọ̀, òun ò lè ṣèlérí pé àwọn máa tún gbé iṣẹ́ fún un. Sigbritt ní òun gbọ́.

Nígbà tí wọ́n padà délé onígi, Ruprecht dìde fún un lórí àga tó wà nítòsí iná. Jorinde ló bi àgbà náà jẹ́jẹ́ bóyá ó máa jẹ́ kí òun wa Ẹlẹ́yìn lọ́la, kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń dẹ iná.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, tí oòrùn ń wọ̀, Sigbritt gbé katakátá rẹ̀ bọ́ sórí adágún. Ó fi irin eléyín họ ibi dídán náà títí ó fi rí gbágungbàgun, ó bu omi wọ́n ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì wa katakátá náà padà sórí ilẹ̀ gbígbẹ kó tó dúró dè é kó dì. Ó fẹsẹ̀ rìn padà. Ó fi ìlu dá ihò kan, ó ti igi ìwọ̀n bọ̀ ọ́, ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kó èérún yìnyín dí ihò náà, ó sì fi bàtà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa.