Oògùn Ojú Nínú Ààwẹ̀

Ó ti sú mi láti máa ṣàlàyé fún àwọn ará Ọ̀kà pé ojú bàbá mi kò fọ́ lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni àìsàn tó ń ṣe é ń jẹ ojú, kì í sì í dun èèyàn rárá.

Àfáà ni bàbá mi, ìran mẹ́ta ló ti kọ́ ní kéú. Nígbà tí mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Ìkàrẹ́, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, dókítà ní ojú òsì ti lọ, kò ní padà mọ́. Ó ní a ṣì lè gba ọ̀tún là, tó bá ń kán oògùn sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, láìfo ọjọ́ kankan. Ó ní kí èmi náà wá yẹ ojú mi wò, torí ó máa ń rìn nínú ẹbí. Mo ní mo gbọ́. Níbo ni mo ti fẹ́ ráyè?

Tí mo bá pe bàbá mi lórí fóònù, màá ní, "Bàbá, ṣé ẹ ń kán oògùn yín?" Á ní, "Alhamdulillahi." Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ló ń sọ. Tí mo bá sì gun ọ̀kadà dé Ọ̀kà, màá bá a níwájú Kùránì, tó ń kà, tó ń ṣí i. Ọkàn mi á balẹ̀.

Nínú ààwẹ̀ ọdún kẹta, mo ń nu yàrá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo gbé Kùránì sókè kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì gbàgbé nóòtì iṣẹ́ mi sórí pákó tó máa ń gbé e lé. Bàbá ti mọ́ṣáláṣí dé, ó jókòó, ó ṣe bísímílà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Yásíìn. Nóòtì mi lórí iṣu gbígbìn ló ń ṣí! Kí Ọlọ́run foríjì mí, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fẹ́ pa mí. Ìgbà tó tún ṣí ewé kejì, níbi tó yẹ kó ṣí Kùránì gan-an, ló yé mi pé orí ló fi ń kà á.

Mo jẹ́ kó kà á tán. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò ríran mọ́."

Ó ní oògùn náà máa ń korò dé ọ̀nà ọ̀fun òun, ohun tó bá sì dé ọ̀fun lọ́sàn-án ti ba ààwẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, tí òun bá ti gbààwẹ̀, òun kì í fọwọ́ kàn án. Gbogbo Àtìní àti Àlàmísì ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ń gbààwẹ̀. Ká má tíì wá sọ Ràmàdáánì.

Mo bú sẹ́kún. "Ẹ̀ bá kán an ní sààrì, kí ẹ tún kán an lẹ́yìn ìṣínu!"

"Ṣé ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀?" Bó ṣe bi mí nìyẹn, jẹ́jẹ́. Dókítà ò bi í bóyá ó ń gbààwẹ̀. Èmi tí mo ń fi ojoojúmọ́ bi ọmọ ọlọ́mọ ní ìbéèrè, èmi náà ò bi í.

Ọ̀dọ̀ mi ní Ìkàrẹ́ ló wà báyìí. Mo ti yẹ ojú mi wò, ohun kan náà ni wọ́n bá níbẹ̀. Ní sààrì, tó bá gbọ́ tí mo ń ṣí ìgò oògùn tèmi, á ní, "Ṣé o ti kán an?"

Èmi kì í fi Alhamdulillahi dá a lóhùn. Màá ní, "Mo ti kán an, Bàbá."