Káàdì Tí Bátìrì Rẹ̀ Kò Gbọdọ̀ Kú

Bàbá Bátìrì ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ mi. Ẹ má rò pé bátìrì ọkọ̀ ló ń tà o. Géèmù tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ló ń kó wọlé láti òkè òkun, àlòkù tó ti gba ọwọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ kọjá, ó sì ń tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti fi ààlà sí inú rẹ̀: géèmù ilẹ̀ yìí ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ ilẹ̀ yẹn. Ọkọ mi á tú ẹ̀rọ, á gé wáyà kan, á so òmíràn, láti ọjọ́ náà lọ ẹ̀rọ yẹn ò ní bi géèmù kankan pé ọmọ ibo ni mọ́. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi níyàwó, inú bí mi gan-an. Odindi àgbàlagbà tó nírùngbọ̀n, géèmù ló fi ń jẹun! Nígbà tí mo rí i pé géèmù náà ló ń bọ́ èmi pẹ̀lú, mo panu mọ́.

Nínú káàdì géèmù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ike tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀rọ, bátìrì róbótó kan wà tí kò tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Òun ló ń rántí ibi tí ẹni tó ń ṣeré bá a dé. Tí bátìrì yìí bá kú, gbogbo ohun tí onítọ̀hún ti ṣe á pòórá. Ìdí nìyẹn tí ọkọ mi fi ní òfin kan. Káàdì tó bá ti òkè òkun dé, á tú síkúrù ẹ̀yìn rẹ̀, á yọ bátìrì àtijọ́ kúrò, á fi irin gbígbóná jó tuntun mọ́ ọn. "Oníbàárà mi ò gbọdọ̀ padà wá sunkún sí mi lọ́rùn," ló máa ń wí. Àmọ́ bí bátìrì àtijọ́ bá ti kúrò, iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́ parẹ́ nìyẹn, ẹni tó rà á á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ta ló ń bá a rà á lọ́hùn-ún? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, Bọ̀dá Àgbà, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ ìsinmi, á máa káàkiri ṣọ́ọ̀bù àlòkù, á ṣa káàdì jọ sínú páálí, á fi ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́ sí wa. Nínú páálí kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan máa ń wà tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣeré rẹ̀ dé ibì kan, tó sì fún akọni inú rẹ̀ lórúkọ. Orúkọ kan náà ni nígbà gbogbo: AGBA. Ọkọ mi á ki káàdì bọ ẹ̀rọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí á fi rí i, á wá pariwo, "Ẹ gbà mí o! Títí dé inú géèmù, ọkùnrin yìí ò jẹ́ n gbàgbé pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ bí." Á rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà á tú u, á pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Lórí fóònù, "Ṣé àlàáfíà ni?" "Àlàáfíà ni," ọ̀rọ̀ ti tán. Inú géèmù ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò.

Ìyá wọn, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ò jókòó wò ó rí. "Ẹ̀yin méjèèjì á ṣáà dàgbà lọ́jọ́ kan," ni Màmá máa ń wí. Ohun kan ṣoṣo ló ń bi ọmọ rẹ̀ lórí fóònù: ìgbà wo ni yóò wálé? Bọ̀dá Àgbà á ní, "Láìpẹ́, Màámi." Láìpẹ́ yẹn ti gbó mọ́ ọn lẹ́nu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù dún. Ọkọ mi rí nọ́ńbà òkè òkun, ó fi ẹ̀rín gbé e. Mo rí ẹ̀rín náà tó dúró sí i lẹ́nu, tí ojú rẹ̀ ò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló pè. Bọ̀dá Àgbà ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, kò dìde mọ́. Ẹni tí kì í ṣàìsàn! Ikú kò dọ́jọ́, àrùn kò dóṣù, láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, n ò mọ̀ pé báyìí ló ń rí nígbà tó bá wọlé ẹni. A ní ká lọ sin ín, àwọn tó ń fúnni níwèé ìrìnnà bi wá pé ọmọ ibo ni wá, ta la mọ̀, kí la fẹ́ lọ ṣe, títí tí wọ́n fi sin ín láìsí ẹnikẹ́ni wa níbẹ̀. Ọkọ mi lè já ààlà inú ẹ̀rọ. Tiwọn ò ṣeé já.

Màmá ò sunkún. Ó kàn ń wo ẹnu ọ̀nà. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Àfi bí páálí ṣe dé! Ọkọ̀ ojú omi ò mọ̀ pé ẹni tó di ẹrù ti kú. Ìkọ̀wé rẹ̀ wà lára páálí gàgàrà, mo rí i, mo lọgun. Ọkọ mi gbé e lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, ó tan irin.

Mo lọ fún Màmá lómi. Nígbà tí mo padà, ọkọ mi ń tú, ó ń yọ, ó ń jó, omijé ń kán sórí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ ò sì dúró. Bátìrì àtijọ́ ti kún inú ìdérí ike. Mo wo ẹ̀rọ géèmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n: eruku ṣì bò ó. Kò ki káàdì kankan bọ̀ ọ́.

"Ẹ dúró!" ni mo pariwo. "Ṣé ẹ ti wo èyí tí Bọ̀dá ṣe?"

Irin gbígbóná dúró lófuurufú. Ó wo àwọn bátìrì inú ìdérí, ó wò mí.

"Mo ti pa á rẹ́," ló wí. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa á rẹ́."

N ò sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, torí ohun tí èmi náà rò nìyẹn. Mo ki ọwọ́ bọ páálí, mo ń tú bébà inú rẹ̀ ká bí ẹni tó sọ owó nù. Ó ku káàdì kan nísàlẹ̀.

"Tí kì í bá ṣe òun ńkọ́?" ni ọkọ mi wí. Kò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo mú un kì bọ ẹ̀rọ. Lẹ́tà àjèjì tí ẹnikẹ́ni wa ò lè kà kún ojú tẹlifíṣọ̀n, àárín wọn la sì ti rí i: AGBA.

Igbe tí a ké ló mú Màmá sáré wọlé.

Ọkọ mi pa ẹ̀rọ, ó tú káàdì, ó fi ẹ̀rọ ìwọ̀n wo bátìrì rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Bátìrì náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Tí a bá fi í sílẹ̀, Bọ̀dá Àgbà á pòórá. Tí a bá yọ ọ́, á pòórá. Ọ̀nà kan ló kù, kó so tuntun mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó yọ ti àtijọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń gba ọmọ ọwọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí ẹni kejì gbọ́dọ̀ dì í mú dáadáa kí ẹni àkọ́kọ́ tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọkọ mi tún gbé irin. Màmá gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Ṣe é, ọmọ mi."

Mo di tọ́ọ̀ṣì mú fún un, n ò sì lè wò ó. Mo gbọ́ tí bátìrì àtijọ́ já bọ́ sórí tábìlì. Ọkọ mi ki káàdì padà bọ ẹ̀rọ. Ojú tẹlifíṣọ̀n funfun, ó funfun títí kí lẹ́tà tó yọ. AGBA. Ó ṣì wà!

Ọkọ mi tẹ bọ́tìnnì kan, géèmù ṣí síbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a dé. Akọni kékeré kan dúró nínú òjò níwájú ilé kan, iná ń tàn lójú fèrèsé ilé náà. Ọkọ mi rọra gbé páàdì géèmù sílẹ̀.

"A ò ní fọwọ́ kàn án mọ́," ló wí. "Ibi tó fi í sí ni yóò wà." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Màmá sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹni tí kò wo géèmù rí láyé rẹ̀.

"Òun nìyẹn?"

"Òun ni, Màámi."

"Ilé ta ló dúró sí yẹn?"

"Ilé ìyá rẹ̀ ni. Ibẹ̀ ló ti gbéra nígbà tí géèmù bẹ̀rẹ̀."

"Kí ló wá ń ṣe nínú òjò?"

Ọkọ mi ń wo páàdì tó gbé sílẹ̀.

"Jẹ́ kó wọlé," ni Màmá wí. "Ó ti pẹ́ tó ti ń bọ̀."

Ọkọ mi mú páàdì, ó tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí, akọni náà wọlé. Ìgbà náà ni Màmá tó sunkún.