Ẹṣin Tó Ń Wọ Pámpásì

Kí n tètè sọ ọ́ kó lè yé ara wa: mi ò fẹ́ràn ẹranko. Ajá tó bá gbó mí lójú ọ̀nà, òkò ló máa bá a. Ológbò ò gbọ́dọ̀ wọ yàrá tí mo ti ń ránṣọ, nítorí irun rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ oníaṣọ. Nígbà tí wọ́n wá so ẹṣin sí orí ilẹ̀ òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Òkè-Àfà, òórùn ni mo kọ́kọ́ rò.

Ọkùnrin ará Ìlọrin kan ló so ó síbẹ̀. Ẹṣin ló fi ń jẹun. Tí wọ́n bá ń ṣègbéyàwó, wọ́n á háyà ẹṣin lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọkọ ìyàwó lè gùn ún wọlé. Tó bá di Iléyá, á máa gbé àwọn ọmọdé gùn ún káàkiri Ìsọlọ̀, wọ́n á ya fọ́tò. Èyí tó so sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, abo ni, ó pupa rúsúrúsú, àmì funfun kan wà níwájú orí rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú rẹ̀ ò sì kan ilẹ̀. Ó ní òun á wá mú un lálẹ́. Kò wá lálẹ́. Kò wá lọ́jọ́ kejì náà.

Mo ń rí i láti ojú wíńdò ibi tí máṣíìnì mi wà. Egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Ibi tí gàárì ti bó o lẹ́yìn ti degbò, eṣinṣin bò ó. Ó kàn dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta nínú oòrùn, ó dorí kodò, kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Ká ní ó ń pariwo ni, ẹlòmíràn ì bá ti gbọ́, ẹlòmíràn ì bá ti dá a lóhùn. Nígbà tó di ọ̀sán, mo gbé omi lọ fún un. Ó mu ún tán, ó gbójú sókè, ó ń wò mí. Mo ní, "Ṣé èmi ni ìyá ẹ ni?" Mo tún lọ pọnmi sí i.

Ọkọ mi dé láti ibi iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìsọlọ̀ ló wà, wọ́n ń fi ṣíìfù ṣe é, tó bá dé, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ó bá mi lẹ́yìn ilé pẹ̀lú èèrí tí mo gbà lọ́dọ̀ ìyá ológì.

"Kí lèyí?"

"Oúnjẹ ẹṣin ni."

"Ẹṣin ta ni?"

Mo ní kó lọ wẹ̀.

Gbogbo obìnrin àdúgbò wa ló ń jẹ́ ìyá ọmọ kan. Èmi ni wọ́n ń pè ní Àǹtí Télọ̀. Ó pẹ́ tí a ti ṣègbéyàwó. Mo lóyún lẹ́ẹ̀mejì, méjèèjì ò dúró. Mi ò jókòó ti ọ̀rọ̀ yẹn lójoojúmọ́ o, mò ń ránṣọ, mò ń jẹun, mò ń sùn. Mo kàn sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi dá ẹlẹ́ṣin lóhùn bí mo ṣe dá a lóhùn nígbà tó wá fojú hàn.

Mo kọ́kọ́ bú u ná. Mo bú u débi pé àwọn tó ń kọjá dúró wò wá. Ó dúró gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó fọwọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí mo mí, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Ẹṣin tí ò lè rìn, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Mo ti bá àwọn tó ń pa á tà sọ̀rọ̀. Tí kò bá tíì fẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró kí Iléyá tó dé, wọ́n á wá gbé e."

Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi dìgbà náà."

Ó wò mí bíi pé orí mi ò pé. Èmi náà ò mọ ohun tó wọ̀ mí lẹ́wù. Tàbí kí n má purọ́, mo mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ kí nǹkan kan tó jẹ́ ẹlẹ́mìí wà lọ́wọ́ mi kó má bàjẹ́. Òun nìyẹn.

Gbogbo àdúgbò ló kọ́kọ́ di dókítà. Wọ́n ní èjìká rẹ̀ ló yẹ̀. Ni mo bá ń fi òrí àti róòbù ra èjìká fún un láàárọ̀ lálẹ́, títí ẹṣin fi ń rùn bíi yàrá bàbá àgbà. Ẹsẹ̀ ò kan ilẹ̀. Àwọn kan ní kí n jẹ́ kí wọ́n fi ọparun dì í, mo lé wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń fọ ẹrẹ̀ kúrò ní pátákò ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, mo bá yára fa ọwọ́ mi sẹ́yìn. Ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sílẹ̀. Mo fọwọ́ kan mẹ́ta tó kù, wọ́n tutù. Háà! Èjìká wo ni gbogbo wa ti ń rà látọjọ́ yìí?

Dókítà ẹran kan wà ní Èjìgbò tó ń ta oògùn adìyẹ, obìnrin ni. Mo lọ bẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀lé mi wá. Ó ní kí ọkọ mi di ìjánu mú dáadáa, ó gbé ẹsẹ̀ náà lé orúnkún, ó fi ọ̀bẹ kékeré kan gbẹ́ ìsàlẹ̀ pátákò. Omi egbò dúdú tú jáde, òórùn rẹ̀ burú débi pé ọkọ mi yíjú kúrò. Ẹṣin náà mí kanlẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹranko lè mí báyẹn.

Dókítà fún un lábẹ́rẹ́. Ó ní ká gbé e kúrò níbi ẹrẹ̀, ká máa ki ẹsẹ̀ náà bọ omi gbígbóná oníyọ̀ láàárọ̀ lálẹ́, ká sì wé e kí ìdọ̀tí má baà wọ ihò náà. Mo ní kí la máa fi wé e?

"Pámpásì ló dáa jù. Ó ń fa omi, kì í jò. Ẹ ra èyí tó tóbi jù, ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀rín pa ọkọ mi. Èmi ò rẹ́rìn-ín. A mú ẹṣin wọ ẹ̀yìnkùlé wa níbi tí sìmẹ́ńtì wà. Àwọn tó ń kọjá ò rí i mọ́, wọ́n rò pé olówó rẹ̀ ti mú un lọ.

Mo wá lọ ra pámpásì ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lódìkejì ilé wa. Obìnrin tó ni ín wò mí látòkè délẹ̀.

"Nọ́ńbà wo?"

"Èyí tó tóbi jù."

"Háà. Ó ti tóbi tó yẹn?"

"Ó tóbi gan-an ni."

Ẹ wò ó, òótọ́ ni mo sọ. Mo mú pámpásì mi, mo lọ. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo tún lọ ra òmíràn. Lójú ọ̀nà, obìnrin kan tí mo máa ń rán bùbá fún kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà: "Ẹ kú ọwọ́ lómi o!" Mo dúró. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Olúwa á dá a sí fún wa." Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Wọ́n rò pé a ti lọ gba ọmọ tọ́. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní mo bí i ni, pé bùbá ńlá tí mò ń wọ̀ ni mo fi bò ó mọ́lẹ̀ fún wọn.

Ó yẹ kí n sọ fún wọn. Àmọ́ ẹ gbọ́, kí lẹ fẹ́ kí n wí? Kí n dúró sójú títì, kí n ní kì í ṣe ọmọ o, ẹṣin ni? Mo gbé ẹnu mi dákẹ́, mo lọ gbé omi kaná. Ohun tí mi ò rò ni pé ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń gbé ní Ìlaròó, kì í wá kí wa kí wọ́n má yà ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin yẹn. Nọ́ńbà ara wọn wà lọ́wọ́ ara wọn. Obìnrin náà ti pè wọ́n, ó ti kí wọn kú oríire.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ẹsẹ̀ ẹṣin wà nínú garawa, mo ti ká ọwọ́ aṣọ mi sókè, ni mo gbọ́ orin nínú ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ilé. Màmá ni. Báàgì ńlá wà lọ́wọ́ wọn, bàfù ìwẹ̀ ọmọ tuntun wà lórí wọn, wọ́n ń jó bọ̀.

"Olúwa ṣeun o! Ìyàwó mi, kí ló dé tó o fi fi èyí pa mọ́ fún mi? Ṣé mo máa sọ fún ayé ni? Ọmọ mi dà?"

Pámpásì tuntun wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n wo pámpásì, wọ́n wo ẹṣin, wọ́n wo èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ tí téèpù ṣì wà lára rẹ̀. Orin tán lẹ́nu wọn.

"Ẹṣin ni, Mà," ni mo wí.

Wọ́n sọ bàfù kalẹ̀. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n jókòó lé e. Báàgì ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn, ìgò àdí, lókè gbogbo rẹ̀ ni ọ̀já kan wà. Mo mọ ọ̀já yẹn. Òun ni wọ́n fi pọn ọkọ mi. Ọdún tí mo wọlé ni wọ́n ti fi hàn mí, tí wọ́n ní ọjọ́ kan ń bọ̀.

Mò ń retí èébú. Ká ní èmi ni wọ́n ṣe é fún, ṣe ni ǹ bá bú. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo apá ọ̀dọ̀ wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, Mà."

"Kí lo ṣe tó o fi ń bẹ̀bẹ̀?" Wọ́n yíjú sí garawa. Wọ́n ní, "Omi yẹn ti ń tutù."

Wọ́n dìde, wọ́n ṣán ìró wọn, wọ́n ní kí n lọ bu omi gbígbóná sí i. Wọ́n da àdí sọ́wọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹsẹ̀ ẹṣin láti orúnkún lọ sísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ra ẹsẹ̀ ọmọ tuntun. Mo dúró tì wọ́n, mò ń sunkún. Wọn ò wojú mi, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Ọkọ mi dé, ó bá ìyá rẹ̀ lábẹ́ ẹṣin, ó padà síta, ó tún wọlé wá.

Màmá ò padà sí Ìlaròó. Wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù òdìkejì, mi ò mọ ohun tí wọ́n bá obìnrin náà sọ, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá lọ ra pámpásì, kì í bi mí ní nọ́ńbà mọ́. Egbò ẹ̀yìn ẹṣin ti ń sàn, ó ń jẹun dáadáa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yẹn ò fẹ́ tẹ ilẹ̀. Iléyá sì ti ń sún mọ́lé, àgbò ti ń ké ní gbogbo ilé.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Omi dúró lórí sìmẹ́ńtì, téèpù ò lẹ̀ mọ́, tí mo bá yíjú báyìí, pámpásì ti já bọ́. Dókítà sì ti ní tí ẹrẹ̀ bá tún wọ ihò yẹn, ká má wulẹ̀ pe òun mọ́. Inú bí mi, mo sọ téèpù mọ́lẹ̀, mo ní kí wọ́n wá gbé e lọ pa, mo ti ṣe tèmi. Màmá wọlé, wọ́n mú ọ̀já jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wé e lé pámpásì.

"Háà, Mà! Ọ̀já yín!"

"Ọ̀já ni. Kí ni wọ́n ń fi ọ̀já ṣe? Wọ́n fi ń di nǹkan mú kó má jábọ́ ni."

Wọ́n so ó le dan-in. Kò já bọ́.

Nígbà tó ku ọ̀la kí Iléyá pé, ẹlẹ́ṣin dé, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tẹ̀lé e, ọkùnrin méjì wà nínú rẹ̀ tí mi ò fẹ́ mọ̀. Mo ti rí i láàárọ̀ ọjọ́ náà tí ẹṣin fi ẹnu pátákò kan ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, àmọ́ ó tún gbé e sókè. Ẹlẹ́ṣin di okùn mú, ó fà á. Ẹṣin ò mira. Ó tún fà á. Mo di ọwọ́ Màmá mú, mi ò mọ ìgbà tí mo dì í mú. Ẹṣin náà gbé ẹsẹ̀ ọlọ́já yẹn, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó gbára lé e, ó rìn. Ó kọ́kọ́ tiro, ó yí ẹ̀yìnkùlé po, nígbà tó máa fi padà dé ọ̀dọ̀ wa, kò tiro mọ́.

"Alhamdulillahi," ni ẹlẹ́ṣin wí. Ó jáde lọ sọ fún àwọn ọkùnrin yẹn kí wọ́n máa lọ.

Mo kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ gbé ẹnikẹ́ni gùn ún ní Iléyá yìí, pé mo máa wá wo ibi tó ń so ó sí, pé ẹnu mi ò tíì kú. Ó ní ó mọ̀. Ó ti ń mú un jáde nígbà tí Màmá ní, "Ẹ dúró. Ọ̀já mi." Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n tú u. Ẹṣin náà bá tiẹ̀ lọ. Kò wẹ̀yìn, mi ò sì retí pé kó wẹ̀yìn.

Ọjọ́ náà ni wọ́n fọ ọ̀já, wọ́n sá a sórí okùn. Oòrùn mú dáadáa lọ́jọ́ kejì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, wọ́n di ẹrù wọn: ọṣẹ, àdí, bàfù. Mo sìn wọ́n dé ibi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá ti ń dúró dè wọ́n.

Mo ní, "Mà, ẹ ò mú ọ̀já yín."

Wọn ò wo apá ibi tí okùn wà. "Kò tíì gbẹ," ni wọ́n wí. "Tó bá gbẹ, kó o ká a."

Kẹ̀kẹ́ gbé wọn lọ. Mo padà sí ẹ̀yìnkùlé, mo fọwọ́ kan ọ̀já náà. Ó ti gbẹ láti àná. Mo ká a, mo fi í sísàlẹ̀ àpótí mi. Mi ò tíì fi pọn ẹnikẹ́ni. Màmá ti wá kí wa lẹ́ẹ̀mejì látìgbà náà, wọ́n sùn, wọ́n jẹun, wọ́n yà ní ṣọ́ọ̀bù òdìkejì, wọn ò sì bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi.