Ta Ni Ẹ̀gbọ́n Nínú Táyé àti Kẹ́hìndé

Èmi ni mo fún wọn lórúkọ. Iṣẹ́ mi ní ọ́fíìsì wa ní Lapaz, ní Ghana níbí, ni láti máa darí ìbéèrè àwọn tó ń fi fóònù ra ọjà lórí áàpù wa, kí tibí gba ibí, kí tọ̀hún gba ọ̀hún, bí mátè tó ń gba owó ọkọ̀ ṣe ń darí èrò sínú ọkọ̀ trotro. Lọ́sẹ̀ yẹn, áàpù náà di méjì: ti àtijọ́ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àti tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán wò. Mo pe ti àtijọ́ ní Táyé, mo pe tuntun ní Kẹ́hìndé. Ṣebí Táyé ló kọ́kọ́ dé? Nima, ní Ghana níbí náà, ni wọ́n bí mi sí, Yorùbá mi ò fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tó ti Ọ̀yọ́ wá ni wọ́n fi ṣe igbá-kejì mi. Wọ́n ṣì ń wo ọwọ́ ẹ̀ ni, ọjọ́ Jímọ̀ yẹn sì ni ọ̀gá wa máa sọ bóyá yóò dúró tàbí yóò lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ní kó kọ fáìlì tó ń pín ọ̀nà. Mo ní, "Nínú ọgọ́rùn-ún oníbàárà, fún ẹ̀gbọ́n ní àádọ́rùn-ún, kí o fún àbúrò ní mẹ́wàá."

Ó ní, "Ó ti yé mi, bọ̀dá."

Kó tó di ọ̀sán, gbogbo nǹkan ti dàrú. Ìyá mi pè mí láti ìsọ̀ ọṣẹ rẹ̀: "Mo tẹ áàpù yín títí, ó kàn ń yí ni. Ṣé iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe nìyẹn?" Mo yẹ ibí wò, mo yẹ ọ̀hún wò, mo pa á, mo tún un tàn, pàbó ni. Orí mi fò lọ. Ìgbà tí mo wá ṣí fáìlì tí ọmọbìnrin náà kọ, mẹ́wàá péré ló fún Táyé, ó kó àádọ́rùn-ún lé Kẹ́hìndé tí kò tíì lè gbé e.

"Kí ló dé tí o dojú ẹ̀ dé?"

"Bọ̀dá, mi ò dojú ẹ̀ dé. Ṣebí Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n? Òun ló rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò."

Ẹni tó kẹ́yìn dé ló wá di ẹ̀gbọ́n? Irú ìṣirò wo nìyẹn? Mo pe ìyá mi padà, mo bi í. Ó pòṣé. Ó ní, "Ìwọ ò mọ ìyẹn?" Ojú tì mí gan-an.

Bí mo ṣe ń tún un ṣe lọ́wọ́ ni ọ̀gá wọlé. Ará Ghana ni, kò gbọ́ Yorùbá. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè ẹni tó kọ fáìlì náà. Ọmọbìnrin náà nawọ́. Mo yíjú sí i, mo rọra fi Yorùbá sọ fún un pé, "Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tìẹ."

Ọ̀gá ní kí ni mo sọ.

Títí dòní, mi ò mọ ohun tó dì mí lẹ́nu. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pé mi ò sọ nǹkan kan. Ọmọbìnrin náà ń wò mí, ó sì gbọ́ méjèèjì. Ọ̀gá ní kó má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé.