Ohun Tó Jáde Lára Igi Tòmátì Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, ẹnu mi yìí lé obìnrin kan jáde nílé wa ní Àgùdà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Títí dòní, tí mo bá rántí ẹ̀, ó ṣì máa ń dùn mí.

Ilẹ̀ kékeré kan wà lẹ́yìn ilé tí a háyà yàrá sí, màmá mi gbin tòmátì síbẹ̀. Wọn kì í gbin irúgbìn Èkó o! Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, lójú tiwọn, ohun tí kò bá ti ilé wá kò lè dáa. Lọ́dọọdún, ẹ̀gbọ́n wọn máa ń kó ọmọ tòmátì kéékèèké sínú àpò, pẹ̀lú erùpẹ̀ oko ní gbòǹgbò, á fi rán dẹ́rẹ́bà sí gáréèjì Jíbówú. Èmi ni mo máa ń rù ú wálé.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, tòmátì náà ti ń so kí ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ewé náà ò pọ́n, kò gbẹ, ilẹ̀ ìdí ẹ̀ tutù, ó kàn dorí kodò ni. Lónìí igi méjì, lọ́la igi márùn-ún. Màmá mi káwọ́ lérí. Tòmátì yẹn la fi ń se ọbẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Obìnrin kan ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, Àǹtí Aránṣọ ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọn ò bímọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo jáde lọ fọnu, mo rí Àǹtí Aránṣọ tí wọ́n ń da garawa sídìí tòmátì wa. Mi ò béèrè. Mo sáré wọlé, mo ní, "Màmá, Àǹtí Aránṣọ ń da nǹkan sí tòmátì wa o!" Nǹkan ni mo pè é, ẹ gbọ́ mi dáadáa.

Màmá mi ní omi iyọ̀ ni. Nígbà tó fi máa dọ̀sán, ó ti di oògùn lẹ́nu àwọn ará ilé. Wọ́n ní ẹni tí kò bímọ, tó ń wo ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́, inú ẹ̀ ò lè mọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ burúkú! Àǹtí Aránṣọ sunkún, wọ́n búra, wọ́n ní omi lásán làwọn bù sí i, àwọn rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́ ni. Ta ló gbọ́? Onílé ní kí wọ́n kó jáde kí oṣù tó parí. Ojú mi ni wọ́n ṣe gbé máṣíìnì ìránṣọ wọn sórí ọmọlanke, tí wọ́n forí lé Muṣin. Wọ́n juwọ́ sí mi. Mo sá wọlé.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan láti yunifásítì yà sílé wa. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Àgùdà, ó ń bu erùpẹ̀ sínú ọ̀rá, ó ń béèrè àìsàn tó ń pa ohun ọ̀gbìn. Ìwádìí tí wọ́n ń ṣe nìyẹn. Màmá mi mú un lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n sì rojọ́ Àǹtí Aránṣọ fún un.

Ọmọbìnrin náà fọ̀bẹ gé igi tòmátì kan tó ti rọ, ó ní kí n bu omi tó mọ́ sínú ife gíláàsì wá, ó wá ti ojú ibi tó gé bọ inú omi náà. Ẹ gbà mí o! Kò pẹ́ rárá, nǹkan funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde bí òwú, títí omi yẹn fi funfun bí omi ògì. Màmá mi fi igbe ta.

"Kòkòrò tójú ò lè rí nìyẹn, mà," ó ní. "Inú ilẹ̀ ló ń gbé, gbòǹgbò ló ń gbà wọlé. Iyọ̀ kọ́ ló ń ṣe irú èyí." Ó wá béèrè ibi tí a ti rí ọmọ tòmátì wa. Màmá mi ní láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Èmi ni mo mú àpò tí mo fi rù ú wá fún un, erùpẹ̀ oko ṣì kù nídìí ẹ̀. Ó gbé e lọ sí yunifásítì. Lọ́sẹ̀ kejì, ó padà wá jíṣẹ́: kòkòrò náà wà nínú erùpẹ̀ yẹn. Àwa fúnra wa la gbé e wálé. Orí mi gan-an ló rù ú láti Jíbówú! Màmá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ní, "Yéè! Mo ti ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́."

Ọjọ́ kejì la wá Àǹtí Aránṣọ lọ sí Muṣin. Màmá mi tó dàgbà jù wọ́n lọ dáadáa kúnlẹ̀ fún wọn níwájú ṣọ́ọ̀bù, lójú gbogbo èèyàn. Àǹtí Aránṣọ fà wọ́n dìde, wọ́n wá yíjú sí mi. "Ọmọ mi," wọ́n ní, "tòmátì yẹn, ṣé ó padà yè?"

Mo bú sẹ́kún. Wọ́n dárí jì wá, àmọ́ wọn ò padà sí Àgùdà mọ́.

Ayé ti yí pa dà, ẹ̀yin ọmọ mi. Wọ́n ti rọ kọnkéré sí gbogbo ẹ̀yìn ilé yẹn. Ẹni tí ewé ẹ̀ bá ń ṣàìsàn lónìí, á yà á ní fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sáwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lánàá, mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú yín ń sọ lórí fóònù pé òun rí obìnrin tó háyà bọ́ìsìkọ́tà ẹ̀yìn ilé wa, tó ń wọ́n nǹkan sílẹ̀ ní ìdájí. Ìwọ tó sọ ọ́, mo fẹ́ bi ọ́.

Nǹkan kí ni? Ṣé o béèrè lọ́wọ́ ẹ̀?