Ẹkún Tí Wọn Ò Jẹ́ Kí Màmá Sun

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà sáyẹ́ǹsì l'Áyétòrò, ibi tí ìmọ̀ ìṣègùn ti bá àrùn jà láyé àtijọ́ ni mo máa ń lọ wò kiri. Àwọn ọmọ mi ní bàbá àwọn ò ríṣẹ́ ṣe. Ẹ gbọ́ tiwọn! Àpá bupá, abẹ́rẹ́ tó ń dènà ṣànpọ̀nná, ṣì wà lápá mi. Àwọn ò ní in, wọn ò sì bèèrè ìdí rẹ̀ rí.

Lọ́dún tó kọjá, Màmá ní kí n mú òun lọ sí igbó kan lẹ́yìn Joga-Orílé. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn tí ṣànpọ̀nná bá mú lọ, ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ náà sì ni àwọn abupá pàgọ́ sí nígbà tí wọ́n ń lé àrùn náà kúrò nílẹ̀ yìí. Èmi ń lọ wo ìtàn. Màmá ń lọ sunkún àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi tí mi ò bá láyé.

Nígbà tí wọ́n ní àwọn abupá ń bọ̀, bàbá mi gbé ọmọ náà sá kọjá bọ́dà lọ sọ́dọ̀ ẹbí, torí wọ́n ní abẹ́rẹ́ yẹn ló ń pe Olóde, ìyẹn ṣànpọ̀nná, wọlé. Ọ̀hún gan-an ni àrùn ti mú un. Wọ́n gbé e padà, ó kú sínú igbó yẹn. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí Màmá kábàámọ̀ pàápàá. Ẹni tí Olóde bá mú lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sunkún rẹ̀. Ọpẹ́ ni wọ́n ń dá, kó má baà padà wá mú ẹlòmíràn. Oyún mi wà nínú Màmá. Ó kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Inú ń bí mi sí gbogbo wọn, títí kan bàbá mi nínú sàárè.

Igbó náà ti di oko ẹ̀gẹ́. Kò sí àmì kankan níbẹ̀. Màmá jókòó sórí ebè, ojú rẹ̀ gbẹ.

Mo ní, "Màmá, ṣànpọ̀nná ti tán láyé. Ẹ sunkún yín. Kò sẹ́ni tó máa bá yín wí."

Ó fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀. "Ẹnu tí mo fi dúpẹ́ rèé, mi ò lè fi sunkún mọ́. Ìwọ bá mi sun ún."

Mo bú sẹ́kún, àgbàlagbà bíi tèmi. Màmá ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn. Nígbà tó rí dẹ́rẹ́bà tó gbé wa wá, tó gbọ́ ẹkún mi tó ń sáré bọ̀ láti ìdí mọ́tò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò mí lẹ́nu, ó dì í mú gbọn-in.

"Dúpẹ́," ó ní, "tètè dúpẹ́."